Ogóje Kílò Lórí Gọ́ọ̀mù Èèpo Igi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé ilé tí o ń gbé kò jò, ṣé onílé rẹ kò tíì tún fi kún owó ilé? Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, wàá máa fi ayọ̀ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ lọ síbi tí kò sí èrè, a kò sì ní gbọ́ ohun tí etí ń sá fún lẹ́yìn ara wa. Àmín. Mo gé àdúrà náà kúrú torí pé ìwé mẹ́ta péré ni mo rí yọ láàárín ìwé àtijọ́ kan, iwájú àti ẹ̀yìn ni mo sì máa kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ìyókù wà lẹ́nu mi, mo ń gbà á fún ọ lójoojúmọ́, ìyẹn kò ná mi ní nǹkan kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé mi ò kú, mi ò sì ń kú lọ. Mo gbọ́ pé awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín ti sọ fún ọ pé bàbá rẹ ń dágbére fáráyé. Irọ́ ni. Ẹni tó ń dágbére fáráyé kì í bá awakọ̀ nájà owó lẹ́tà. Mo bá a nájà títí ó fi ní òun á gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, pé òun lòun gbé irọ́ lọ, ó yẹ kí òun náà gbé òótọ́ lọ. O rí i pé irọ́ náà ní èrè tirẹ̀.

O lè bèèrè pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù wà, ó wà nínú àpótí. Mo máa ń pa á ni, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má baà tán. Ọkùnrin tó ń bá wa fi iná sí fóònù ní ọ̀rọ̀ inú fóònù kì í tán bí a kò bá sọ ọ́, pé pípa tí mò ń pa á kò wúlò, ṣùgbọ́n òun náà ló ń gba owó iná, nítorí náà mi ò lè gba ẹ̀rí rẹ̀.

Báńkì náà wà ńbẹ̀. Lóṣooṣù ni wọ́n ń kọ̀wé sínú fóònù mi pé àwọn ti yọ owó díẹ̀ nínú owó mi, mo wá lọ bèèrè pé owó kí ni, wọ́n ní owó ìwé tí àwọn ń kọ sí mi ni. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ mi láti sọ fún mi pé àwọn gba owó lọ́wọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dá wọn lóhùn, mo máa ń kí wọn, mo máa ń bèèrè àlàáfíà ìdílé wọn, torí pé bí ènìyàn bá kọ̀wé síni, ó yẹ ká fún un lésì, àṣé ìkíni yẹn náà ń jẹ owó, wọn ò sì dá mi lóhùn rí. Mo bá sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì pé kí wọ́n fi mọ bẹ́ẹ̀, mo mọ owó mi kà. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Inú fọ́ọ̀mù náà ni wọ́n ti ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù mi, kí wọ́n lè kọ̀wé sí mi láti fi dá mi lójú pé wọn ò ní kọ̀wé sí mi mọ́. Mo dá fọ́ọ̀mù náà padà fún un, mo ní kó fi ṣe nǹkan mìíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́.

Jẹ́ n padà sídìí ọ̀rọ̀. O mọ̀ pé ìyá rẹ ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìgbà tí àyà rẹ̀ ti ń há. Bó ṣe lọ gan-an ni mi ò sọ fún ọ. Nọ́ọ̀sì wá sílé wa, ó mí afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi símú lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ ṣomi, ó ní gọ́ọ̀mù inú agolo tí mo fi ń lẹ pákó ló ń há ìyá rẹ láyà, pé ṣọ́ọ̀bù àti yàrá wa kò ju ògiri kan lọ, nítorí náà nínú gọ́ọ̀mù àti ìyàwó, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò nílé yìí. Èsì tí mo fọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀.

Ọmọ mi, mi ò ní ibi lọ́kàn. Mo fẹ́ mọ iye iṣẹ́ tí mi ò ní lè gbà mọ́ bí kò bá sí gọ́ọ̀mù ni, kí n lè mọ ohun tí a óò máa jẹ. Ṣùgbọ́n mò ń ṣírò rẹ̀ sókè. Àròpọ̀ mi ò tíì dé ìdajì tí ìyá rẹ ti di ẹrù rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa fi òun àti agolo wé ara wọn. Bó ṣe lọ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá oúnjẹ sè. Mo ti ṣírò ìyẹn náà: gbogbo oúnjẹ tí mo bá sè, ìdajì rẹ̀ ló ń jóná, nítorí náà owó oúnjẹ ènìyàn méjì ni mò ń ná síbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń bú mi nídìí rẹ̀ ni.

Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀gá ilé-ìwé, màmá yẹn tí kì í rẹ́rìn-ín, gbé iṣẹ́ wá. Wọ́n fẹ́ pákó orí tábìlì méjìlá, irú èyí tí a máa ń fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lẹ̀ mọ́ra, tí méjì á dúró, tí èyí tó wà láàárín á dábùú. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ gọ́ọ̀mù tó ń rùn o, torí pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń gbójú lé tábìlì sùn. Inú mi dùn. Mo rí i pé bí mo bá lè rí gọ́ọ̀mù tí kò ní òórùn, ọwọ́ mi á tẹ iṣẹ́ náà, ìyá rẹ á sì padà wálé, èrè méjì nínú ìnáwó kan.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí o sọ nígbà tí o wá kẹ́yìn, pé níbi iṣẹ́ yín, ẹ máa ń se èèpo igi, ẹ ó fi omi rẹ̀ ṣe gọ́ọ̀mù pákó. Kí n má parọ́, inú mi kò dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo san owó ilé-ìwé rẹ títí ìfági mi fi jẹ tán lẹ́nu, o gba ìwé ẹ̀rí tán, o wá ń se èèpo igi. Ìyá mi àgbà se èèpo igi dọjọ́ ogbó, kò sẹ́ni tó rán aṣọ funfun sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n o ní gọ́ọ̀mù náà kì í há àyà, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Mo ní kí o fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é ránṣẹ́, o fi fídíò ránṣẹ́, o tún fún awakọ̀ ní ohun funfun lẹ́búlẹ́bú kan nínú ọ̀rá, pé ìyẹn ló máa jẹ́ kó gan. O ṣeun, ọmọ mi.

Ọ̀dọ̀ oníná fóònù ni mo ti wo fídíò náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wò ó, torí ó ní ó ń jẹ dátà, owó tó sì pè fún dátà náà, màlúù kì í jẹ koríko tó bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí wọ́n kó èèpo igi, wọ́n gún un, wọ́n sè é, wọ́n fi omi rẹ̀ pa pákó lára. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan tó wọṣọ bíi dókítà gbé pákó náà sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì, irin òkè rọra sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Mo wá iná títí, mi ò rí iná. Mi ò rí igi ìdáná, mi ò rí èéfín. Àmọ́ nọ́ńbà pupa kan ń tàn lójú ẹ̀rọ náà: ọ̀kan, mẹ́rin, òdo. Ogóje. O mọ̀ pé bàbá rẹ kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tó ń bà á lẹ́rù. Irin ń tẹ pákó, nọ́ńbà wà lójú irin, kí ni nọ́ńbà ọ̀hún tún fẹ́ jẹ́ bí kò ṣe ìwúwo? Mo ní ogóje kílò ni. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. O tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò pé bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ máa gbóná. Mo fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Èèpo igi kún ibi ìlagi, dídànù ni wọ́n ń dà á nù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo kó ẹ̀kún àpò méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣìṣe mi ni pé mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kó o. Ọ̀gá àwọn alagi rí ẹ̀rín náà, ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ mí, òun kò rí mi kí n rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí èrè. Nígbà tí mo máa padà débẹ̀, èèpo igi ti di títà. Mo fajú ro, mo ní èèpo náà kò tiẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, mo ra àpò kan, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí ó fi fi ìdajì àpò ṣe ènì.

Ìkòkò ńlá tí ìyá rẹ fi ń se aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, nígbà tó ṣì ń ṣe alágbàfọ̀ nílé yìí, òun ni mo fi sè é. Bó ṣe ń hó ló ń pọ́n, ó pọ́n títí ó ṣú, ó ki, ó wá ń fà bí oyin. Òórùn rẹ̀ dà bí òórùn abẹ́ igi lẹ́yìn òjò. Mo gbé imú lé e, mo mí sínú, mo mí síta, ojú mi kò ṣomi. Mo po ohun funfun rẹ mọ́ ọn bí o ṣe wí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà, mo tò wọ́n ní mẹ́tamẹ́ta sórí àwọn bẹ́ǹṣì, ó wá ku ogóje kílò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo kọ́kọ́ ro ti òkúta. Òkúta wà létí odò, ṣùgbọ́n òkúta kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ẹni tó máa fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó o á gba owó àlọ, á gba ti àbọ̀. Mo ro ti búlọ́ọ̀kù, oníbúlọ́ọ̀kù ní òun kì í yáni, ṣe ni kí n rà á. Níbi tí mo ti ń ronú yìí ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lórí, mo tiẹ̀ dìde dúró. Ènìyàn wúwo. Ènìyàn sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Òkúta tutù, ṣùgbọ́n ènìyàn gbóná, pàápàá jù lọ níbi tó fi ń jókòó. Ìwúwo wà níbẹ̀, ooru wà níbẹ̀, owó ni kò sí níbẹ̀. Mo ní bí àwọn ọ̀gá rẹ bá gbọ́ èyí, wọ́n á ta ẹ̀rọ wọn.

Mo lọ yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ obìnrin tó ń ra irè oko. Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òun ṣe wúwo tó, kó wá gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà kó wá bá mi jókòó díẹ̀, torí ilé ti dá jù. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ tán. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀fẹ́ lẹ́nu mi, òkèèrè ni wọ́n kọ́kọ́ dúró sí. O mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní àdúgbò, Ṣírò-kó-o-tó-mí. Wọ́n ní ohun kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn ò parọ́, ó máa tó wà nídìí wọn.

Alápatà ló kọ́kọ́ gùn ún, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo wá mẹ́tàlélógójì káàkiri, àfi télọ̀ tínínrín tó ń ránṣọ lójúde wa, bí ó ṣe gun òṣùwọ̀n ni nọ́ńbà náà dúró gẹ́lẹ́, díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn. Màmá ọ̀gá ilé-ìwé wá wo bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ, wọ́n jẹ́ méjìlélọ́gọ́rin, mo wá bàbá tó ń pín lẹ́tà tẹ́lẹ̀ kún wọn, òun jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta. Onígbàjámọ̀ jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rin. Èmi pẹ̀lú òṣùwọ̀n wá mọ́kàndínláàádọ́rin títí, kò sí ẹlòmíràn tó jẹ́ ẹ bí kò ṣe ọkùnrin ẹlẹ́rọ ìlọta. Àwọn méjèèjì yìí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ tí èéfín ẹ̀rọ ìlọta ti kún ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí abẹ fi ṣi ọ̀nà, tó sì fá ìdajì irunmú oníbàárà kan. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò mọ ìjà. Mo ní kí wọ́n jókòó sórí pákó kan náà kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, mo sì kìlọ̀ pé bí ọ̀kan bá dìde ṣáájú èkejì, bẹ́ǹṣì á gbé èyí tó kù ṣubú.

Wọ́n jókòó. Nígbà tó pẹ́, onígbàjámọ̀ ní kí n bá òun bi ẹni tó wà lẹ́yìn òun bóyá ó ti wẹ̀ lónìí. Ẹlẹ́rọ ní kí n bá òun sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn òun pé ẹni tó fi ìdajì irunmú sílẹ̀ lójú ọmọlọ́mọ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Kí n tó jíṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n ti ń bú ara wọn tààrà, mi ò san owó alárinà, wọ́n sì bú ara wọn débi tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Ìyókù, títí kan oníbúrẹ́dì, kò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n jókòó bí ẹni tó wá ṣọ́ aláìsàn. Bàbá tó ń pín lẹ́tà tẹ́lẹ̀ fà mí mọ́ra, ó bi mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kí ni dókítà wí. Alápatà ní òun ti dárí gbogbo ẹran tí mo ti dá padà fún òun jì mí. Káfíńtà ọ̀dọ́ tó wà ní òdìkejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, wá kí mi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó ní kí n má bínú sí òun o, àmọ́ ta ni mo fẹ́ fi ìfági mi sílẹ̀ fún? Mo bi í pé kílò mélòó ló jẹ́. Ibẹ̀ ni awakọ̀ ti kọjá, ó wo gbogbo wọn bí wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, tí ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì, ó wo èmi náà tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ó parí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà dé.

Nígbà tí oòrùn yí, mo ní kí wọ́n máa dìde, ẹ ṣé gan-an. Dídìde ló wá dọ̀rọ̀. Bí ẹni ń ya aṣọ ló ń dún. Gọ́ọ̀mù ti yọ́ jáde láti ojú ihò wẹ́wẹ́ ara pákó, kò sì mọ àgbà. Màmá ọ̀gá ilé-ìwé wọ aṣọ funfun báláú wá, wọ́n fi òṣùpá pupa lọ sílé, wọn ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà tó láti sọ fún wọn. Mo ti ọ̀bẹ bọ àárín pákó àkọ́kọ́. Ó ṣí pẹ́ẹ́ bí ìwé. Inú rẹ̀ tutù rinrin bí ìgbà tí mo pa á. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù náà ti lẹ gbogbo nǹkan àfi pákó.

Ọmọ mi, mo jókòó ti àwọn pákó náà, kì í ṣe owó ni mo kọ́kọ́ rò, ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo rò ni pé gọ́ọ̀mù agolo ni mo máa padà sí, ìyá rẹ kò sì ní wálé mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojúde wa kún. Wọ́n ti fọ aṣọ, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń pọ́n sí i. Gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó jókòó lọ́dọ̀ mi láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n san owó aṣọ. Mo wo aṣọ, mo wo ìkòkò, gọ́ọ̀mù ṣì kù nínú rẹ̀, mo ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá, kí n da omi sí i, kí n rì wọ́n bọ̀ ọ́ pátá, torí pé àbàwọ́n tó bá ti wà látòkè délẹ̀, kì í ṣe àbàwọ́n mọ́, àwọ̀ ni. Ariwo tó sọ níbẹ̀ kò ṣeé kọ sínú ìwé.

Àárín ariwo yìí ni ìyá rẹ dé, pẹ̀lú àpò kan lọ́wọ́. Ó rí èrò, ó rí àwọn tó káwọ́ lérí, kò rí mi, torí mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ìkòkò tí mò ń koná. Ó fi igbe ta. Ó pè mí ní orúkọ kan tó máa ń pè mí nígbà tí a ṣì kéré, kí a tó bí ọ, mi ò gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà náà. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, mo dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìkòkò. Mo fẹ́ gbọ́ ìyókù.

Ìgbà tí èéfín ìkòkò ká kúrò, ó rí mi pẹ̀lú igi ìdáná lọ́wọ́. Ẹkún dúró. Èébú bẹ̀rẹ̀. Ó bú mi láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, ó bú mi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù gan-an, ó ní ahun ni mí, ó ní aláròpọ̀ ni mí, ó ní òun kò rí káfíńtà tó ń fi ìdí ọmọlọ́mọ ṣe irinṣẹ́ rí. Ó bú mi tó bẹ́ẹ̀ tí alápatà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó mí. Ọ̀rọ̀ alápatà yìí ni mo gbọ́ tí ojú mi fi là. Ó ń mí. Láàárín ṣọ́ọ̀bù mi, kò húkọ́, kò di àyà mú. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún bú mi díẹ̀ sí i. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó wá bú mi dáadáa, ohùn rẹ̀ já geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ sókè. Ó ní àbá mi nípa aṣọ, ti wèrè ni, ṣùgbọ́n kò sí òmíràn. Ó rì wọ́n bọ̀ ọ́ bí ẹni tó mọṣẹ́, ó sá wọn, wọ́n jáde ní àwọ̀ kan tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí télọ̀ fi mú aṣọ kejì wá. Ó wá koná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀, ó bèèrè tábìlì tó fi ń lọ aṣọ. Tábìlì náà ti di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mi láti ọjọ́ yìí, èébú yẹn náà tún ní tirẹ̀. Ó bá gbé ọ̀kan nínú àwọn pákó tí kò lẹ̀ náà kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀wù alápatà lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Aṣọ náà nípọn, áyọ́ọ̀nù náà wúwo, ìbínú ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ aṣọ ló lọ̀ lórí pákó kan yẹn. Mo ń gbọ́ tó ń dún ṣìì, ṣìì lábẹ́ áyọ́ọ̀nù.

Ìgbà tó parí, mo gbé pákó náà, mo fẹ́ tú u ká kí n má baà pàdánù igi. Ọ̀bẹ kò wọlé. Mo mú ṣísẹ́lì, mo fi òòlù lé e. Pákó ló ya, gọ́ọ̀mù kò tú.

Oníbúrẹ́dì, tóun náà wá gba aṣọ, bi mí pé kí ni mò ń wò bí ẹni rí iwin. Mo sọ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà pupa náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní nọ́ńbà irú rẹ̀ wà lójú ààrò òun, ooru ni wọ́n fi ń wọ̀n, pé irin ẹ̀rọ náà ń gbóná nínú ara rẹ̀ láìsí igi ìdáná, pé bó bá jẹ́ kílò ni, búrẹ́dì òun ì bá ti tẹ́ bí ìwé. Mo ní kí ló dé tí kò sọ nígbà tó jókòó lórí pákó mi odindi ọ̀sán. Ó ní mi ò bi òun. Òótọ́ ni. Mi ò bi ẹnikẹ́ni, torí mo rò pé wọ́n á gba owó ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà, èmi ń pa gọ́ọ̀mù, ìyá rẹ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ pákó bí ẹni ń lọ aṣọ ìyàwó. A rẹ èérún rẹ̀ sómi, kò tú. Màmá ọ̀gá ilé-ìwé gbé imú lé e, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e bí ọmọdé tó fẹ́ sùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, mo rí i. Aṣọ wọn ti di pupa látòkè délẹ̀, ó sì yẹ wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí nìyí. Ìyá rẹ ní iṣẹ́ ló dá òun dúró. Ó ní pákó méjìlá ni a jọ ṣàdéhùn, bí ìkejìlá bá ti tutù, òun ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun tí kì í ṣírò òun. Kò fi ẹ̀rín sọ ọ́. Mẹ́jọ ti parí. O lè ní kí n kàn bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé èédú ti wọ́n. Ìsinsìnyí, èmi tí mo máa ń lé àwọn ọmọṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n yára, mò ń fá pákó kan lẹ́ẹ̀mẹta. Lánàá mo wá òòlù títí di ọ̀sán, abẹ́ ìdí mi ló wà. Mo mú pákó kẹsàn-án, mo ní ó wọ́. Ìyá rẹ gbé e sójú, ó ní kò wọ́. Mo ní ó wọ́, mo bá fi ayùn gé e sí wẹ́wẹ́, mo ní a máa ṣe òmíràn. Pákó tó dára o! Ó wò mí, ó lọ koná sí áyọ́ọ̀nù.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Ti èédú díẹ̀, ti ohun funfun inú ọ̀rá. Má fi í sí báńkì o, awakọ̀ ni kí o fi rán. Èyí tó ṣe pàtàkì wá ni pé kí o fi owó kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan mọ́ ọn. Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ kan bá ọ kọ ìwé, torí ìyá rẹ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, kó kọ ọ́ pé oníbàárà kan ní ìgboro ti gbọ́ òkìkí gọ́ọ̀mù èèpo igi, pé kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ilẹ̀kùn púpọ̀ lòun ń fẹ́, àti pé pákó tí obìnrin fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ nìkan lòun máa gbà. Bó bá parí, gbé e sínú yàrá rẹ. Bí yàrá rẹ kò bá gbà á, ìwọ sùn sínú rẹ̀. Bí owó rẹ bá tó ti méjì, jẹ́ kó jẹ́ méjì, kí wọ́n sì ga. Má bi mí ní iye tó máa jẹ́ tàbí èrè tó wà nínú rẹ̀. Mi ò tíì ṣírò rẹ̀, mi ò sì ní ṣírò rẹ̀.

Ìyá rẹ kí ọ. Kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí ọ, oníbàárà ni mo sọ fún un pé mò ń kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n bó bá mọ̀, á kí ọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa lẹ̀, kò ní tú. Àwọn ọ̀gá rẹ kò ní rí ẹ̀bi rẹ, ilé kò ní dá mọ́ ọ lára. Ẹni tó máa máa bú ọ láìhúkọ́ títí di ọjọ́ ogbó rẹ, Ọlọ́run á fún ọ, kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni,
bàbá rẹ, káfíńtà.